Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìtàn Ìgbésí Ayé Apànìyàn Wò Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìtọ́sọ́nà fún Òǹkọ̀wé àti Asọ̀tàn l'Ékòó

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn ọ̀daràn sí Facebook, ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ lórí YouTube, àti akọ̀ròyìn tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó gbé ìtàn apànìyàn kan tó mi Èkó tìtì nígbà kan jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì dùn ún kà. Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń bàjẹ́ kò ṣòro láti rí. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá mú afurasí ni ariwo máa ń pọ̀ jù: akọ̀ròyìn á pé, kámẹ́rà á pé, Alukoro á sọ̀rọ̀. Ilé ẹjọ́ lè lo ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá kó tó parí ẹjọ́ náà, nígbà tí kò sí ẹni tó kọbi ara sí i mọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni àwọn ìtàn náà wá ń gbé kiri bí ẹni pé ìdájọ́ ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ óò máa bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ta ló lè mọ èyí, inú ìwé wo ló sì wà?

Ohun èlò kò pọ̀. Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó ní dátà, ìwé àkọsílẹ̀ kan, báírò, àti ọjọ́ méjì ó kéré tán: ọjọ́ kan fún orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ kejì fún ilé ìkàwé ní Yaba tàbí Akoka. Bí ọ̀rọ̀ náà bá gba kí ẹ dé kóòtù, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kún un, nítorí ìwé kóòtù kì í sábà jáde lọ́jọ́ tí a bá béèrè rẹ̀.

1. Ẹ gé ìtàn náà wẹ́wẹ́

Odindi ìtàn kò ṣeé yẹ̀ wò. Gbólóhùn ló ṣeé yẹ̀ wò. Ẹ fa ìlà sí ojú ìwé kó di òpó márùn-ún: ohun tí wọ́n sọ, ẹni tó lè mọ̀ ọ́n, ibi tí ẹ ti rí i, ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé yẹn jáde, àti ohun tí ẹ pinnu.

Ẹ wo gbólóhùn yìí tí a ṣẹ̀dá fún àpẹẹrẹ: "Wọ́n bí i ní Muṣin ní 1968, ó pa ènìyàn 17, wọ́n sì yẹgi fún un ní Kirikiri ní 1999." Ẹni tó ń kánjú á rí gbólóhùn kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ló wà níbẹ̀: ibi tí wọ́n bí i, ọdún tí wọ́n bí i, iye àwọn tó kú, pé òun gan-an ló pa wọ́n, pé ìjọba pa á, àti ibi pẹ̀lú ọdún tí wọ́n pa á sí. Ẹbí rẹ̀ lè mọ méjì àkọ́kọ́. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè fìdí ìkẹrin múlẹ̀. Ìjọba àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ló mọ méjì tó kẹ́yìn. Bí ìwé ìròyìn kan bá tọ̀nà lórí ọ̀kan, kò sọ pé ó tọ̀nà lórí àwọn yòókù, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á rí ọdún ìbí tó bára mu ní ibi méjì, wọ́n á sì gba gbogbo ìyókù wọlé.

2. Ẹ wádìí ibi tí ẹjọ́ náà parí sí

Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó wá ohunkóhun mìíràn, nítorí òun ló ń pinnu bóyá ẹ lè pe ẹni náà ní apànìyàn rárá.

L'Ékòó, ẹjọ́ ìpànìyàn sábà máa ń kọ́kọ́ dé iwájú adájọ́ májísíréètì, ní Yaba tàbí Ògbà bí àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n májísíréètì kò láṣẹ láti dá a. Ohun tó lè ṣe ni kó ní kí wọ́n fi afurasí pamọ́ sí àtìmọ́lé nígbà tí fáìlì bá lọ sọ́dọ̀ DPP, ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn, ní Alausa fún ìmọ̀ràn. Bí DPP bá ní ẹjọ́ wà níbẹ̀, ó di ilé ẹjọ́ gíga. Lẹ́yìn èyí ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kó tó wá kan ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Nítorí náà, bí ìtàn bá sọ pé kóòtù májísíréètì Yaba dájọ́ ikú fún ẹnì kan, ẹ fi àmì ìbéèrè sí i lójú ẹsẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àtìmọ́lé ni wọ́n fi í sí, tí òǹkọ̀wé kan sì sọ ọ́ di ìdájọ́.

Ẹ wo ènìyàn mẹ́ta tí orúkọ wọn kò ṣàjèjì l'Ékòó.

Wọ́n mú Clifford Orji ní 1999, lẹ́bàá bọ́sítọ́ọ̀pù Toyota ní ọ̀nà Oshodi sí Apapa. Ariwo ajẹ̀nìyàn gba gbogbo ìlú. Ó kú sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri ní 2012, láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ kankan dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, ẹ óò rí ojú ewé tó kọ ọ́ bí ẹni pé ẹjọ́ rẹ̀ ti parí, tó tún ń ka iye ènìyàn tó pa. Ohun tí ẹ lè kọ nípa rẹ̀ ni pé wọ́n fẹ̀sùn kàn án, àti pé ó kú sí àtìmọ́lé. Kò kọjá ibẹ̀.

Ti Chukwuemeka Ezeugo, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Reverend King, yàtọ̀. Ilé ẹjọ́ gíga Ikẹja dájọ́ ikú fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kìn-ín-ní 2007. Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i ní 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì 2016. Nípa tirẹ̀, ẹ lè kọ "ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ìpànìyàn" láìmikàn. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ikú kì í ṣe ikú. Kò sí ẹni tí wọ́n lè yẹgi fún láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí ìwé àṣẹ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni àhesọ ti jáde pé wọ́n ti pa ọkùnrin yìí. Bí ìtàn bá sọ pé wọ́n yẹgi fún ẹnì kan, ẹ wá ọ̀rọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti ilé iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí wọ́n yẹgi fún ọkùnrin mẹ́rin ní Benin ní oṣù Kẹfà 2013, ìwé ìròyìn ńláńlá gbé e, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sì fọhùn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ kó jẹ́ pé WhatsApp nìkan ló mọ̀.

Ẹnì kẹta ni Ishola Oyenusi, "Dókítà", tí wọ́n yìnbọn pa ní Bar Beach ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 1971. Ọ̀pọ̀ ojú ewé ń pè é ní apànìyàn. Ìdigunjalè ni ẹ̀sùn tí wọ́n torí rẹ̀ pa á, lábẹ́ òfin ológun ọdún 1970 tó sọ ìdigunjalè di ẹ̀sùn ikú. Òtítọ́ ni pé ẹ̀mí ṣòfò nínú ìdigunjalè náà, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tó wà níwájú àwọn adájọ́ ni kí ẹ kọ. Bákan náà ni fún Lawrence Anini ní Benin ní 1987.

Má-gbàgbé kan: ẹni tí ilé ẹjọ́ gíga dá lẹ́bi lè járe ní kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ojú ewé tó ń pè é ní apànìyàn kò sì ní yí padà fúnra rẹ̀. Ẹ fi orúkọ ẹni náà pẹ̀lú "appeal", "acquitted", "discharged", "pardon" àti "commuted" wá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ orúkọ náà ní gbogbo ọ̀nà tó ṣeé kọ ọ́, torí ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kì í fi àmì sí orúkọ Yorùbá, kóòtù sì máa ń gbé orúkọ ìdílé ṣáájú. Bí orúkọ náà bá wọ́pọ̀, irú bí Ọláyínká tàbí Adébáyọ̀, ẹ so orúkọ àdúgbò tàbí ti adájọ́ mọ́ ọn, kí ẹ má baà so ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan mọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn.

3. Ẹ ya ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá sọ́tọ̀

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọlọ́pàá Èkó fi ń to afurasí síwájú kámẹ́rà, tí wọ́n á ní kó sọ ohun tó ṣe fáyé gbọ́. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó tún ṣe ní 2021 ní kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìròyìn tó ti jáde ṣáájú ìgbà yẹn ṣì wà níbi tó wà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àwọn fídíò yẹn kò ní lọ́yà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kò sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lóru àná. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn Èkó ti 2011 ní kí wọ́n ya fídíò ìjẹ́wọ́ afurasí, tàbí kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lójú agbẹjọ́rò. Níbi tí wọn kò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, lọ́yà rẹ̀ á ta kò ó, adájọ́ sì lè jù ú nù. Ìjẹ́wọ́ tí adájọ́ jù nù ṣì lè máa jẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìtàn ìgbésí ayé ẹni náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn.

Bí ẹ ṣe máa dá ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá mọ̀ nìyí: kò sí orúkọ kóòtù níbẹ̀, kò sí orúkọ adájọ́, "confessed" àti "paraded" pọ̀ nínú rẹ̀, ọjọ́ orí afurasí sì sábà máa ń parí sí òdo tàbí márùn-ún. Ẹ ṣọ́ra fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá wá tún un kọ. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń já bọ́ ni "allegedly". Akọ̀ròyìn kọ pé wọ́n ní ó pa á, ẹni kejì kọ pé ó pa á, ẹni kẹta fi ọ̀bẹ kún un. Nínú Yorùbá tiyín, ẹ má jẹ́ kí "wọ́n ní" àti "ọlọ́pàá sọ pé" sọnù, ì báà tilẹ̀ mú kí ìtàn náà fà díẹ̀.

4. Ẹ tọ ọ̀rọ̀ náà dé orísun rẹ̀

Ẹ má sá fún Wikipedia, ẹ má sì fi í parí iṣẹ́. Ìwúlò rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé, níbi tí àwọn ìtọ́kasí wà, àti nínú "View history". Lórí fóònù, ẹ tẹ "Desktop" ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kí bọ́tìnnì náà lè yọ. Ẹ tẹ "oldest", ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n dá ojú ewé náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọjọ́ tí gbólóhùn tó ń rú yín lójú wọ ibẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì. Bí gbólóhùn kan bá wọ Wikipedia ní 2011, tí ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí rẹ̀ sì jáde ní 2014, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú Wikipedia gan-an ni akọ̀ròyìn ti kó o. Wikipedia á wá máa fi ìwé ìròyìn jẹ́rìí, ìwé ìròyìn á máa fi Wikipedia jẹ́rìí. Ẹ̀rí méjì kọ́ nìyẹn.

Bákan náà, ìkànnì mẹ́wàá tó sọ ohun kan náà lè jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́jọ tó tẹ̀ léra nínú ìtàn náà, pàápàá ibi tí àṣìtẹ̀ bá wà, ẹ fi àmì ìfàyọ sí i lápá méjèèjì, ẹ wá a lórí Google. Ẹ fi before:2012-01-01 tẹ̀ ẹ́ nídìí, kí ẹ máa fa ọdún náà sẹ́yìn títí èsì á fi tán. Èyí tó kẹ́yìn kí èsì tó tán ló sún mọ́ orísun jù. Ẹ má gbára lé ọjọ́ tí Google fi hàn, torí ìkànnì tó bá tún ojú ewé rẹ̀ ṣe lè gba ọjọ́ tuntun. Ẹ wo líǹkì fúnra rẹ̀: ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Nàìjíríà máa ń fi ọdún àti oṣù sínú rẹ̀.

Líǹkì tó ti kú kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni ìròyìn náà. Ìkànnì ìwé ìròyìn wa ń yí padà ṣáá, ìròyìn àtijọ́ sì ń sọnù nínú rẹ̀. Ẹ da líǹkì náà sínú web.archive.org, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ewé àtijọ́ sí, ẹ yan ọjọ́ tó pẹ́ jù. Ẹ ka ìròyìn náà tán o. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n tọ́ka sí ìwé tí kò sọ ohun tí wọ́n ní ó sọ, ẹni tó tọ́ka sí i kò sì ka ju àkọlé lọ.

5. Ìwé ìròyìn orí bébà

Fún ẹjọ́ tó ti wáyé kí ọdún 2000 tó dé, íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò lè tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti archivi.ng, níbi tí wọ́n ti ń gbé ìwé ìròyìn Nàìjíríà àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ní Yaba tàbí ilé ìkàwé Yunifásítì Èkó ní Akoka. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ àti lẹ́tà tó sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe dání. Ẹ má kàn dárúkọ ọ̀daràn fún wọn. Orúkọ ìwé ìròyìn, oṣù àti ọdún ni kí ẹ béèrè. Ẹ fi ìbòmú sápò, eruku inú ìwé ọdún 1971 kì í ṣe kékeré.

Ohun tó ń bọ̀ yìí ló ń fa àṣìṣe ọjọ́ jù. Ìwé ìròyìn òwúrọ̀ ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, inú ìwé ìròyìn ọjọ́ 9 ni ẹ óò bá a. Òǹkọ̀wé tó bá rí ọjọ́ 9 lókè ìwé á kọ ọ́ bí ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀, ìyàtọ̀ ọjọ́ kan á sì wọ inú ìtàn títí ayé. Bí ẹ bá rí ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ẹ wá "yesterday" nínú ìròyìn náà kí ẹ tó ronú nǹkan mìíràn.

Ẹ ka ìwé ìròyìn méjì tí kì í ṣe ọ̀gá kan náà ló ni wọ́n. Láti 1975 títí di 2004 ni ìjọba àpapọ̀ fi ní ìpín tó pọ̀ jù nínú Daily Times. Nínú ẹjọ́ tó bá kan ọlọ́pàá fúnra wọn, bí ti Anini tó fa George Iyamu, tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá, wọ inú rẹ̀, ẹ ka Tribune tàbí Punch mọ́ ọn. Kí ẹ sì máa ka ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìròyìn àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni àtúnṣe máa ń wà, ní ojú ewé inú, ní lẹ́tà wínníwínní.

6. Ìwé kóòtù

Bí ẹ bá rí ìdájọ́ gan-an kà, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Láìsí nọ́ńbà ẹjọ́, akọ̀wé kóòtù kò lè ṣe ohun púpọ̀ fún yín. Nínú nọ́ńbà ilé ẹjọ́ gíga Èkó, ID ni ti Ikẹja, LD ni ti Erékùṣù Èkó, lẹ́tà C tó so mọ́ nọ́ńbà sọ pé ẹjọ́ ọ̀daràn ni, ọdún ló sì kẹ́yìn. Ìwé ìròyìn tó dára a máa fi í sínú ìròyìn. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà àwọn akọ̀wé kóòtù, ẹ béèrè fún ẹ̀dà ìdájọ́ tí wọ́n fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí, tí gbogbo lọ́yà mọ̀ sí CTC, ẹ san owó rẹ̀, ẹ gba rìsíìtì. Òfin ẹ̀rí ti 2011 gbà yín láàyè. Ẹ má béèrè gbogbo fáìlì: ìdájọ́ nìkan ti kó ọ̀rọ̀ olùpẹ̀jọ́ àti ti olùjẹ́jọ́ jọ, ó sì sọ èyí tí adájọ́ gbà àti èyí tó kọ̀.

Bí Igboṣere ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà, fáìlì rẹ̀ lè ti jóná nígbà tí wọ́n dáná sun kóòtù yẹn ní oṣù Kẹwàá 2020. Ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Ẹjọ́ tó bá ti dé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ìdájọ́ rẹ̀ sì lè wà nínú Nigerian Weekly Law Reports, tí Gani Fawehinmi dá sílẹ̀ ní 1985. Ọ́fíìsì lọ́yà tí kò ní in kò pọ̀. Orúkọ ìdílé ẹni náà pẹ̀lú "v. State" ni ẹ óò fi wá a.

Nígbà tí ìdájọ́ bá dé ọwọ́ yín, ẹ ka àwọn ẹ̀sùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹjọ́ Reverend King, ẹ̀sùn mẹ́fà ló wà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló kú. Ìgbìyànjú láti pànìyàn ni márùn-ún yòókù. Ẹni tó ka àkọlé ìròyìn nìkan lè kọ pé ó pa ènìyàn mẹ́fà.

7. Iye àwọn tó kú

Nọ́ńbà ni òǹkàwé máa ń rántí, òun náà sì ni àsọdùn máa ń pọ̀ sí jù. Ẹ má kọ nọ́ńbà kan láéláé láìsọ ẹni tó kà á.

Harold Shipman, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìdí rẹ̀ hàn kedere. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ikú 15 ní oṣù Kìn-ín-ní 2000. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Dame Janet Smith darí ka 215 ní 2002, wọ́n sì ní ìfura lórí 45 mìíràn. Nígbà tí iṣẹ́ wọn parí, wọ́n gbé ìdíwọ̀n rẹ̀ sí nǹkan bí 250. Ẹ óò rí 15, 215 àti 250 kiri. Kò sí irọ́ nínú èyíkéyìí. Irọ́ wọlé nígbà tí ẹnì kan kọ pé ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ikú 250.

Ìjẹ́wọ́ ọ̀daràn fúnra rẹ̀ kò sàn ju èyí lọ. Henry Lee Lucas ní Amẹ́ríkà jẹ́wọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìpànìyàn. 11 ni wọ́n dá a lẹ́bi rẹ̀. Ìdájọ́ ikú tí wọ́n fún un, George W. Bush tó jẹ́ gómìnà Texas yí i padà sí ẹ̀wọ̀n gbére ní 1998, torí ẹ̀rí fi hàn pé Florida ló wà nígbà tí wọ́n pa obìnrin tí ẹjọ́ náà dá lé. Ní Sweden, Sture Bergwall, tó pe ara rẹ̀ ní Thomas Quick, jẹ́wọ́ ìpànìyàn tó lé ní 30. Wọ́n dá a lẹ́bi mẹ́jọ, nígbà tó sì fi máa di 2013, wọ́n ti wọ́gi lé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ti H. H. Holmes, tí wọ́n yẹgi fún ní Philadelphia ní 1896, tún burú jù. Ikú ẹnì kan ni wọ́n dá a lẹ́bi rẹ̀. Ó ta ìjẹ́wọ́ ìpànìyàn 27 fún ìwé ìròyìn, díẹ̀ nínú àwọn tó dárúkọ sì wà láàyè. Lónìí, ojú ewé tó ń sọ 200 kò lóǹkà.

Nínú ìwé yín, ẹ pín iye òkú sí mẹ́ta: èyí tí ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi rẹ̀, èyí tí ọlọ́pàá tàbí ìgbìmọ̀ ìwádìí sọ, àti èyí tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Bí ẹ kò bá rí ti àkọ́kọ́, ẹ má fi nọ́ńbà sí àkọlé.

8. Ẹ fi ọdún dán ìtàn náà wò

Ìdánwò yìí kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì ń tú àṣírí irọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun. Ẹ mú ọdún tí ìtàn náà dárúkọ, ẹ bi ara yín bóyá ohun tí wọ́n sọ ti wà nígbà yẹn.

Ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 1973 ni náírà dé. Adigunjalè tó jí "ẹgbàá náírà" ní 1971 kò sí. Pọ́n-ùn ni a ń ná nígbà náà. Pọ́n-ùn kan ni wọ́n fi pààrọ̀ náírà méjì, nítorí náà bí ẹ bá rí iye owó tó jẹ́ ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́ láàárín ìtàn méjì, ẹ ti mọ ibi tí ó ti wá. Kò sí Ìpínlẹ̀ Ẹdó ní 1986. Bendel ni wọ́n ń pè é títí di oṣù Kẹjọ 1991. 1990 ni wọ́n ṣí afárá Third Mainland, ẹni tó ju òkú sódò láti orí rẹ̀ ní 1979 ti ṣe idán. Oṣù Kẹjọ 2001 ni fóònù GSM dé, nítorí náà tẹ́ẹ̀sì tí apànìyàn fi ránṣẹ́ ní 1995 kò lè rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2019 ni ilé iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n di "Correctional Service". Ìwé tó ní òun jẹ́ ti 2012, tó sì ń lo orúkọ yẹn, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ gan-an.

Ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà ọdún náà lórí fóònù. Ọjọ́ 26 oṣù Kejì 2016 bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ Jímọ̀ sì ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sábà máa ń ka ìdájọ́: ó bára mu. Ìdájọ́ tí wọ́n ní ó wáyé lọ́jọ́ Àìkú, ẹ padà lọ wo ìwé ìròyìn. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí pẹ̀lú. Ẹni tí wọ́n bí ní 1968, tó jẹ́ "ọmọ ọdún 25" nígbà tí wọ́n mú un ní 1999, ọ̀kan nínú nọ́ńbà mẹ́ta yẹn kò tọ̀nà.

9. Àwòrán

Ẹ fi Google Lens wá a, kí ẹ tún gbé e lọ sí TinEye, kí ẹ ní kó to èsì láti orí èyí tó pẹ́ jù. Ohun tí ẹ ń wá ni àkọlé àkọ́kọ́ tó wà lábẹ́ àwòrán náà. Àwọn àwòrán Bar Beach léwu jù, torí dúdú àti funfun ni wọ́n, àwọn àgbá tó wà lẹ́yìn àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ jọra, ó sì rọrùn láti fi orúkọ ọ̀daràn kan sábẹ́ ojú ẹlòmíràn. Ẹ kò lè lọ wo ilẹ̀ náà mọ́, Eko Atlantic ti gba ibẹ̀. Bí ẹ kò bá rí àwòrán náà nínú ìwé ìròyìn ìgbà yẹn pẹ̀lú orúkọ lábẹ́ rẹ̀, ẹ má lò ó. Ọmọ ẹni tí wọ́n ṣì àwòrán rẹ̀ lò lè wà ní Ṣómólú báyìí, tó ń wo fóònù rẹ̀.

10. Ìgbà èwe àti ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Ẹ lè yára lórí èyí. Ìyá ìkà, bàbá ọ̀mùtí, ewúrẹ́ tó pa nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje: bí kò bá sí mọ̀lẹ́bí tó sọ ọ́ fún akọ̀ròyìn tàbí tó jẹ́rìí sí i ní kóòtù, ẹ yọ ọ́. Ní ti ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ẹ béèrè ẹni tó gbọ́. Gbangba ni wọ́n ti yìnbọn ní Bar Beach, akọ̀ròyìn sì wà níbẹ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì ní i. Inú ọgbà ni wọ́n ti ń yẹgi, kò sí akọ̀ròyìn. Ẹni tó bá gbé gbólóhùn aládùn wá láti ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó sọ ọ́ fún òun.

11. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́

Ohun tó bá ní ìwé kóòtù, ẹ kọ ọ́ tààrà. Ohun tó jẹ́ ti ọlọ́pàá tàbí ti ìwé ìròyìn nìkan, ẹ dárúkọ wọn nínú gbólóhùn náà gan-an, kí ó má jẹ́ ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ibi tí ìwé méjì bá ti takora, ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀: "Ìwé ìròyìn kan ní mẹ́rin, ìdájọ́ ní mẹ́ta." Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí, afurasí ni títí ìdájọ́ á fi dé, ẹni tó bá pè é ní apànìyàn sì lè di olùjẹ́jọ́ ní tirẹ̀, lórí ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́. Ẹ yọ orúkọ ìyàwó, ọmọ àti ilé tí wọ́n ń gbé kúrò. Wọn kò sí lára ẹjọ́.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi "Save Page Now" orí web.archive.org tọ́jú gbogbo líǹkì tí ẹ lò, torí òmíràn nínú wọn lè má sí mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn sí ìsàlẹ̀ ìtàn náà. Bí ẹjọ́ náà bá ṣì wà ní kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹ máa padà wò ó ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nígbà tí ìdájọ́ tuntun bá dé, òkè ìtàn ni kí ẹ fi àtúnṣe sí pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo gúrúùpù WhatsApp tí ẹ ti fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí.